Ẹrù Dé, Kò Tẹ̀ Wá Lọ́wọ́

Yàrá ìwádìí wa kéré débi pé bí ẹnì kan bá fẹ́ jáde, ẹnì kejì ní láti dìde. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yan ibi tí mo ti gbádùn iṣẹ́ jù láyé mi, ibẹ̀ náà ni mo máa yàn, tooru-tooru, tìdun-tìdun.

Èmi àti ọ̀gá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Tún-un-bi, la jọ ń ṣèwádìí bí ẹrù ìrànwọ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí omíyalé bá hàn léèmọ̀. Òótọ́ ni pé abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Àǹtí lè béèrè títí ọ̀nà fúnra rẹ̀ á fi sú èèyàn. Mo máa ń kùn sí i nígbà náà. Áà, mo ṣàárò rẹ̀!

Lọ́dún yẹn, àwọn ọ̀gá àgbà àjọ tó ń pín ẹrù náà ń rò ó bóyá kí àwọn kọ́ ilé ẹrù kékeré sódìkejì odò. Ohun tí ìwádìí wa bá sọ ni wọ́n máa ṣe. Òdìkejì yẹn sì ni ìyá mi ń gbé.

A ti bi àwọn ará ibẹ̀ pé nígbà tí omi yalé, ṣé búláńkẹ́ẹ̀tì tètè dé? Gbogbo wọn ló ní ó dé. A jẹ́ pé kò sídìí fún ilé ẹrù mìíràn. Ìṣirò mi gún régé. Àfi bí Àǹtí ṣe ju bírò sílẹ̀.

"Tún un bi."

"Ẹ̀yin náà, Àǹtí! Wọ́n ní ó dé. Kí ló tún kù?"

"Ó dé ibo?"

Inú bí mi. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, kí n lè fi pa Àǹtí lẹ́nu mọ́.

"Màmá, búláńkẹ́ẹ̀tì ìgbà omíyalé yẹn, ṣé ó dé?"

"Ó dé o, ọmọ mi. Mọ́tò gbé e dé etí odò. A ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ mà kú iṣẹ́ o."

"Ṣé ó wá tẹ̀ yín lọ́wọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kọ́ lo bi mí tẹ́lẹ̀. Omi ti gbé afárá lọ. Aṣọ kan ṣoṣo tó gbẹ lèmi àtìyá ilé kejì jọ ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹrù wá ti gbìyànjú, ṣé ká wá máa ráhùn ni?"

Omijé lé ròrò sí mi lójú. Àǹtí ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ó yá, dìde, kí n lè rọ́nà jáde."

Ọkọ̀ ojú omi tó ń jò la wọ̀ sọdá. Àǹtí ń fi agolo gbọ́n omi, ó ń pariwo pé ọmọ oníṣirò ò mọ omi í gbọ́n. Ilé dé ilé, a bi wọ́n pé ìgbà wo ni búláńkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn kan ní ilẹ̀ ti gbẹ kí àwọn tó rí i. Àwọn mìíràn ò rí i rárá.

Wọ́n kọ́ ilé ẹrù náà. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, tí odò tún kún, mo ń wá bí mo ṣe máa pe ìyá mi nígbà tí fóònù mi dún. Òun ni.

"Má tíì bi mí nǹkan kan," ó ní. "Ó wà lára mi."