Kílò Méjìlélọ́gọ́rin Orí Káàdì

Bí inú bá ń bí Ìyá Aránṣọ, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń bá a bínú. Àgbọ̀n á máa gbọ̀n, apá á máa mì, ìdí tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní "ẹrù tí mi ò sanwó ọkọ̀ rẹ̀" á máa jó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, kò síbi tí kò mì lára rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Rọ̀bọ̀tọ̀ láti kékeré, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà létí ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Egbò ẹsẹ̀ lásán ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Egbò kẹ̀, kòkòrò àìsàn gbabẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí irin ìlọṣọ. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ó ti ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní màámi.

"Dókítà, wọ́n ní yàrá kan wà tí ẹ ti ń ṣọ́ àwọn tí tiwọn le báyìí. Kí ló dé tí àbúrò mi ò sí níbẹ̀?"

Dókítà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí dígí ojú ń yọ̀ kúrò nímú rẹ̀, wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, a fẹ́ fi pamọ́ fún ẹni tí kò lẹ́ran lára. Ìwé tí a kà fi hàn pé nínú irú àìsàn yìí, àwọn tó sanra sábà máa ń yè é ju àwọn tó rù lọ. Bí ẹnu ò bá lè jẹun, ọ̀rá tó wà lára ni ara á máa jẹ. Kílò méjìlélọ́gọ́rin sì ni àbúrò yín. Ó ní àpamọ́."

Ìyá Aránṣọ wo àbúrò rẹ̀. Ó wo dókítà.

"Ta ló sanra?"

"Àbúrò yín."

"Èyí tó wà níbí yìí? Àbí ẹ fi òmíràn sápò?"

Aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bú sẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó.

"Ohun tó wà lórí káàdì nìyẹn, Màmá," ni nọ́ọ̀sì tó dúró ti dókítà wí.

"Ìgbà wo lẹ wọ̀n ọ́n?"

Nọ́ọ̀sì yọjú wo déètì tó wà lórí rẹ̀. Káàdì náà ti pé ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé Rọ̀bọ̀tọ̀ dé, kò lè dìde. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ìyókù, wọ́n bá da nọ́ńbà àtijọ́ kọ sórí ìwé tuntun.

"Aránṣọ ni mí!" Ohùn rẹ̀ mú fèrèsé dún. "Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dín aṣọ obìnrin yìí kù. Ìdí tó jẹ́ ínǹṣì méjìdínláàádọ́ta ti di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lábẹ́ téèpù mi!"

Èyí tó dùn ún jù, kò sọ ọ́ síta. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, ńṣe ló pàtẹ́wọ́: "Wo bí o ṣe dọmọge! Júwe oògùn rẹ fún mi o." Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá oúnjẹ ṣì ń wọlé sí i lẹ́nu.

"Ẹ wọ̀n ọ́n."

"Kò lè dúró, Màmá. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń jókòó sí ti bàjẹ́."

"Èyí tó wà lábẹ́ páálí yẹn ńkọ́?"

Òṣùwọ̀n kan dúró ní kọ̀rọ̀ lóòótọ́, páálí ìbọ̀wọ́ mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Ìyá Aránṣọ fẹsẹ̀ tì wọ́n dànù. Ó ti tó ogún ọdún tó ti gun irú rẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ yẹtí, nọ́ńbà ò dín, ló bá ní òpùrọ́ ni òṣùwọ̀n.

"Nọ́ọ̀sì, gbé omi tó ń kán sí i lára yẹn sókè. Dókítà, ẹ gbé e lé mi lẹ́yìn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ̀yìn yìí ló wà títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Mo ní kí ẹ gbé e!"

Wọ́n gbé e lé e. Ó fúyẹ́ bí ìdì aṣọ tí oníbàárà gbàgbé. Ìyá Aránṣọ bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n. Àádọ́jọ. Wọ́n dá Rọ̀bọ̀tọ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, òun nìkan tún gùn ún. Nọ́ọ̀sì rọra ka nọ́ńbà náà sẹ́nu.

"Pè é sókè! Ṣé ìwọ lo bá mi kó o jọ ni?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún."

Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. "Ó ku mẹ́rìndínláàádọ́ta!"

Dókítà yọ dígí rẹ̀.

"Oògùn àti omi tí ẹ ń fà sí i lára láti àárọ̀ ńkọ́?" Ìyá Aránṣọ bi í jẹ́jẹ́, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Ti ta ni?"

"Ti ẹni kílò méjìlélọ́gọ́rin."

"Ẹni yẹn ò sí mọ́! Ìwé lẹ kà, ẹ ò ka èèyàn!"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Màá bínú! Títí yóò fi là á já ni màá fi bínú!"

Wọ́n dá omi náà dúró, wọ́n ṣírò oògùn lọ́tun. Kí Ìyá Aránṣọ tó wọ bàtà rẹ̀ tán, wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá tí wọ́n fi pamọ́.

Ọjọ́ karùn-ún ni Rọ̀bọ̀tọ̀ tó mọ ẹni tó jókòó tì í. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ gun òṣùwọ̀n. Èló lẹ jẹ́?"

"Kò kàn ọ́. Yanu, jẹun."

Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, Ìyá Aránṣọ kó gbogbo aṣọ àbúrò rẹ̀ jáde, ó mú réésà, ó ń tú ojú ìrán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fẹ̀ padà. Aládùúgbò kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà.

"Áà, ẹ mà ń tú u! Èyí tó fi ń ṣe ọmọge! Ó mà ti fọn dáadáa o."

Ìyá Aránṣọ ò gbórí sókè. "Jókòó, jẹ́ kí n wá abẹ́rẹ́ ńlá. Ẹnu rẹ ni màá kọ́kọ́ rán. Bí mo bá ṣe tán, ìwọ náà á bá mi rán tèmi."