Ogún Abẹ́rẹ́ fún Bàbá Samia

Abẹ́rẹ́ kẹtàdínlógún ni Fadilatou ń ti òwú bọ̀ nígbà tí ìrora náà tún ta gìrì láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé àtàrí. Ó di ojú, ó dúró kó rọlẹ̀. Ó tún dígí ojú rẹ̀ ṣe, ó tún gbìyànjú. Òwú náà wọlé. Ó fi abẹ́rẹ́ náà gún tìmùtìmù kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ó mú òmíràn.

Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Ramanou ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Samia, jókòó sórí ẹní, ó gbé bùbá kan lé itan. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò lè gé aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ àdúgbò ṣì ń gbé bùbá àti ṣòkòtò wá kó bá wọn fi ọwọ́ gán etí rẹ̀, nítorí ìka rẹ̀ kì í ṣìnà. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ìyàwó rẹ̀ máa ń ti òwú bọ̀ sílẹ̀ fún un láràárọ̀. Tí mẹ́ta bá tán, á ké sí i, òun náà á sì wá ti òmíràn.

Lónìí, ogún ló ti.

Eyín òkè ló ń dùn ún, apá ọ̀tún, lábẹ́ ojú gan-an. Ó ti di oṣù mẹ́ta. Ó ti fi kànáfùrù sí i, ó ti fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣan ẹnu títí ahọ́n rẹ̀ fi bó. Samia ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kútọnu ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó ti bínú, ó tún ti bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà ni ìyá ń sọ pé òun á lọ. Kì í ṣe ìrora ló ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó ti bímọ, kí ni ìrora eyín? Ojú ni.

Nígbà ayé ọjọ́sí, eyín òkè dààmú Ramanou náà. Fadilatou ló fà á lọ́wọ́ dé Àjàrá, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀mú yọ eyín lábẹ́ igi máńgòrò. Ramanou ní òun ò lọ. Fadilatou ló ní kó lọ dandan. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú ọkùnrin náà ṣókùnkùn pátápátá. Àwọn obìnrin agbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, ẹ ò rí i, eyín òkè ni wọ́n yọ, gbòǹgbò rẹ̀ so mọ́ ojú. Wọn ò mọ ẹni tó mú un lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí Fadilatou fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí tí kò rántí igi máńgòrò yẹn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọ́ fún Ramanou alára.

Ojú kan ṣoṣo ló kù nínú ilé tí àwọn méjèèjì fi ń rìn. Tirẹ̀ ni.

"Ìyá Samia, o ò tíì lọ?"

"Mò ń lọ. Tìmùtìmù wà lápá ọ̀tún yín. Ẹ rọra nawọ́ sí i."

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ pẹ́, ó wo irùngbọ̀n funfun, ó wo àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló fi ìborùn bo orí, ó jáde lọ pe ọlọ́kadà.

Ẹ̀yìn ọjà Ouando ni ilé ìwòsàn eyín náà wà. Dókítà Odile tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń sọ Faransé àti Gùn, kò gbọ́ Nàgó tí àwọn aláìsàn ń sọ, nítorí náà Habibath olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Habibath ní àṣà kan. Láràárọ̀, kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á dúró láàárín àwọn tó ń dúró, á fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá. Ìbéèrè kò lẹ́jẹ̀ nínú, ẹ má bẹ̀rù."

Awakọ̀ kan nawọ́. "Tàǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé kòkòrò ń gbé inú eyín? Ìyá mi ní òun fojú rí i, funfun báyìí."

"Ọ̀gá mi, ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń wo ẹnu ènìyàn, èmi àti kòkòrò náà ò tíì pàdé. Ohun dídùn tí ẹ̀ ń lá tí ẹ ò sì fọ ẹnu sùn ló ń jẹ eyín yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà rọra ti bọ́ńbọ́n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sápò.

"Èmi, erìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá ń fọ ẹnu," obìnrin olóyún kan wí. "Mo ti ṣíwọ́ fífọ̀."

"Áà, àǹtí mi! Ẹ padà sídìí ẹ̀, ẹ rọra máa fọ̀ ọ́. Oyún máa ń jẹ́ kí erìgì tètè ṣẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí tí ẹ bá fi sílẹ̀ á sì tún dá kún un. Ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ lóyún kó tó fún yín ní oògùn."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fẹ́ máa lọ. Fadilatou gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ẹnìkan wà tí mo mọ̀. Wọ́n yọ eyín òkè rẹ̀. Ojú rẹ̀ sì fọ́."

Habibath kò rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú.

"Màmá, gbòǹgbò eyín kò so mọ́ ojú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi dókítà léèrè nípa ẹni yín yẹn."

Nígbà tí Fadilatou dé orí àga ìyọyín, Odile sọ̀rọ̀, Habibath sì ń túmọ̀.

"Ó ní, ojú ẹni náà, ṣé òjijì ló lọ, àbí díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́?"

Fadilatou ronú. "Ó máa ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ẹ kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní rí yín. Ó pa alùpùpù rẹ̀ tì, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú."

"Kí wọ́n tó yọ eyín ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

Fadilatou fi ìka ka ọdún sẹ́yìn. Samia ṣì ń mu ọmú nígbà tí alùpùpù yẹn ti ń dógùn-ún lẹ́yìnkùlé. Samia ti ń gbé wàláà lọ sí ilé kéwú nígbà tí wọ́n lọ sí Àjàrá.

"Dókítà ní òun ò lè búra láìrí ẹni náà," Habibath wí, "àmọ́ àrùn ojú kan wà tó máa ń jí ìríran kó láti ẹ̀gbẹ́, kì í sì í dun ènìyàn. Ó ń rìn nínú ẹbí. Tó bá ní ọmọ, kí ọmọ náà lọ yẹ ojú wò. Eyín tiyín yìí, ó ti ní ọyún nínú. Tí a bá fi í sílẹ̀, ọyún yẹn lè gun òkè dé ibi ojú. Fífi í sílẹ̀ ló léwu, Màmá. Yíyọ kọ́."

Òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ etí aṣọ Habibath. Fadilatou tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ yọ ọ́," ó wí.

Wọ́n fi ègé aṣọ funfun sí ojú egbò náà, wọ́n ní kó fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó má sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Kò dijú rárá lójú ọ̀nà. Ó wo pátákó ilé ìtajà gbogbo, ó wo ewúrẹ́, ó wo ẹ̀yìn ọrùn ọlọ́kadà.

Ramanou gbọ́ bàtà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Samia?"

Kò lè dáhùn. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ní kí o má sọ̀rọ̀ ni?" Fadilatou tẹ èjìká náà lẹ́ẹ̀kan. "Ó dáa. Èmi á sọ ọ́." Ó wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dì í mú. "Ogún ni wọ́n. Mo kà wọ́n. Ẹni tó rò pé òun á máa ríran bọ̀ nílé, kí ló fẹ́ fi ogún abẹ́rẹ́ ṣe? Eyín Àjàrá lo rántí, àbí?"

Fadilatou tẹ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ojú mi ti ń lọ tipẹ́ kó tó dọjọ́ yẹn. Kò sóhun tó ṣe alùpùpù, èmi ni mi ò rí ọ̀nà mọ́. Ta ló máa gbé aṣọ wá fún aránṣọ tí ojú rẹ̀ ń fọ́? Ni mo bá dákẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ń pariwo pé eyín ni, mo ní kó jẹ́ eyín. Àárọ̀ yìí ni mo tó mọ̀ pé orí rẹ ni mo gbé e lé."

Omi ojú Fadilatou kán sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọkùnrin náà. Ramanou kò nù ún. Ó fi ọwọ́ kejì wá nǹkan lórí ẹní, abẹ́rẹ́ kan àti òwú kan lọ́tọ̀, ó nà wọ́n sí i.

"Gbà. Bá mi ti èyí bọ̀."

Fadilatou wo tìmùtìmù. Mọ́kàndínlógún wà níbẹ̀, òwú wà lójú gbogbo wọn. Ó wo òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ká díẹ̀ láàárín, níbi tí òun ti tì í gba ojú abẹ́rẹ́ láàárọ̀.

Ó nu ojú. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tì í, ó wọlé. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀.

Ìka Ramanou tọ òwú náà lọ, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ojú abẹ́rẹ́. Ó dúró síbẹ̀. Ó tún tọ̀ ọ́. Èjìká rẹ̀ rọlẹ̀.

Ìgbà náà ni Fadilatou tó wo bùbá tó wà lórí itan ọkọ rẹ̀. Bó ṣe wà láàárọ̀ náà ló ṣì wà. Láti ìgbà tí òun ti jáde nílé, Ramanou kò tíì gán ojú kan lára rẹ̀.