Ọmọ Tó Wà Lápá Òsì

Ìṣó kẹta kò fẹ́ jáde. Job ti ẹnu ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn férémù náà sì ṣí. Eruku tú jáde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, ó yọ fọ́tò náà, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ó ti ń kọ láti àárọ̀.

Ọmọbìnrin méjì ló jókòó nínú fọ́tò ọ̀hún, aṣọ kan náà, irun dídì kan náà. Táyé wà lápá òsì, Kẹ́hìndé wà lápá ọ̀tún. Ibà ló pa Táyé nígbà tí Job ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúnà. Kí ó tó gba àyè, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú irin dé Agége, wọ́n ti sin ọmọ tipẹ́. Fọ́tò yìí ni ìyàwó rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Ó ní àwọn yà á ṣáájú àìsàn náà. Job gbé e kọ́ ara ògiri lọ́jọ́ náà, kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́ títí di òní.

Ìyàwó náà ti ṣaláìsí báyìí. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí Job padà sí ní Ìkẹjà ti ti ilẹ̀kùn, nítorí wọn kò rí owó ilẹ̀ òkèèrè ra òwú mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ilé ló lé e dé kíláàsì ìtàn kíkọ tí Míìsì Olúfọlákẹ́ ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà lọ́sàn-án Sátidé.

“Kí oníkálukú mú fọ́tò kan láti ilé,” ni olùkọ́ náà wí. “Ẹ má kọ ohun tí gbogbo ayé lè rí nínú rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́. Ẹ wo ibi tí ojú ń wò. Kí ẹ wá kọ ohun tí kámẹ́rà kò yà.”

Job wo ọwọ́. Ó wo ojú. Ó wá kọ ọ́ báyìí: *Táyé di etí aṣọ rẹ̀ mú. Kò wo ẹni tó ń ya fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń dágbére. Ó ti mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ wa.*

Èéfín awọ màlúù tí wọ́n ń sun ní ilé ìpẹran Oko Ọba ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó dìde láti tì í, ni ó rí ọkọ̀ Wahab, aládùúgbò rẹ̀ tó ń wa takisí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́hìndé sọ̀ kalẹ̀.

“Sístà, ẹ yára o!” Wahab ń pariwo. “Bí àwọn sójà bá fi lè dí ọ̀nà ẹ́pọ́ọ̀tù, èmi ò lè bá wọn jà o! Bàbá òǹkọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìwé!”

Job ti fèrèsé náà.

Kẹ́hìndé wọlé, ó kúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlúpéjú. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ owó oṣù di ohun tí kò dé ọjà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí Sáúdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló kàn lónìí.

“O ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàárín wọn. Kẹ́hìndé rí fọ́tò náà lórí tábìlì.

“Bàbá, mo fẹ́ tọrọ èyí. Mo fẹ́ mú un dání lọ.”

“Rárá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Òun nìkan ni fọ́tò Táyé tó kù. Ìtàn rẹ̀ ni mo ń kọ. Ìwọ, bí o bá fẹ́ rí ojú ara rẹ, wo dígí.”

Kẹ́hìndé tẹ̀ síwájú, ó ka ohun tí bàbá rẹ̀ kọ, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀.

“Bàbá, kì í ṣe Táyé nìyí.”

“Mo mọ àwọn ọmọ mi. Ìwọ lo wà lọ́tùn-ún.”

“Èmi ni mo wà lọ́tùn-ún. Èmi náà ni mo wà lósì.”

Wahab fọn fèrè ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó yíjú.

“Lẹ́yìn tí wọ́n sin Táyé ni Màámi mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Suara tó ń ya fọ́tò. Pásítọ̀ ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ère ìbejì. Bàbá Suara ní kò le, òun á yà mí lẹ́ẹ̀mejì, òun á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n ní kí n sún, kí n fi àyè sílẹ̀ fún ẹnì kejì mi. Mo sún. Mo rò pé wọ́n ń mú un bọ̀ ni. Màámi ń sunkún lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo ń wo àyè yẹn ṣáá, mo di aṣọ mi mú.”

“Kí ló dé tí ìyá rẹ kò sọ fún mi?”

“Wọ́n ní ẹ ò rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan wò.” Ó fọwọ́ kan etí fọ́tò náà. “Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹ bá ti dúró síwájú fọ́tò yìí, mo máa ń wá dúró lẹ́yìn yín. Inú mi máa ń dùn. Torí èmi lẹ ń wò.”

Job fa fọ́tò náà sínú ìmọ́lẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Etí kọ́tìnnì ló pè é nínú ìtàn rẹ̀. Ó fi èékánná tọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ yẹn ti ń yẹ aṣọ wò. Ó mọ ibi tí etí méjì ti pàdé.

Ó gbìyànjú láti rántí ojú Táyé. Ojú inú fọ́tò ló ń rí. Ó tún gbìyànjú. Ojú kan náà ni.

Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì gé fọ́tò náà gba orí ìlà ọ̀hún.

“Mú èyí tó bá wù ọ́.”

“Ìkan náà ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Mú ọ̀kan.”

Kẹ́hìndé mú ti ọ̀tún, ó fi í sáàárín ìwé ìrìnnà rẹ̀. Job gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣe àdúrà kúkúrú, Kẹ́hìndé sì ṣe àmín. Nígbà tí ó dìde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, ó di okùn báàgì rẹ̀ mú pinpin. Kò wo bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń wò, àyè òfìfo tí férémù ti kúrò lára ògiri.

Job rí ọwọ́ náà. Ó rí ibi tí ojú ń wò. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Wahab tún ti fọn fèrè.

Nígbà tí ìró ọkọ̀ náà ti lọ tán, ó padà sídìí tábìlì. Ó mú bírò, ó fa igi lé orúkọ Táyé, ó kọ Kẹ́hìndé sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń wá ibòmíràn tí yóò tún ṣe.

Kò rí.