Orúkọ Kan Ṣoṣo Tó Kù Nínú Ìwé Ẹjọ́

Òbí mẹ́tàlélógún ló fọwọ́ sí ẹjọ́ tí Lọ́yà Verlene Maddox pè ní Mississippi lọ́dún 1965, pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ adúláwọ̀ wọ ilé ìwé tí ọmọ òyìnbó ń lọ nílùú Tallowood. Ìwé ìròyìn ìlú gbé orúkọ wọn jáde ní gbangba. Kò ju oṣù méjì lọ, wọ́n ti lé tibí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti yìnbọn lu fèrèsé tọ̀hún, kálukú sì ń yọwọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku Odessa Pruitt nìkan. Bóun náà bá yọwọ́, ẹjọ́ parí nìyẹn.

Verlene wa mọ́tò lọ bá a. Láti ọ̀nà ló ti ń to ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má yọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, àga àti bẹ́ẹ̀dì ló bá níta: òyìnbó tí wọ́n ń ro oko òwú fún ti lé wọn kúrò nílé. Ẹ̀bẹ̀ pòórá lẹ́nu Verlene.

"Màmá Odessa, ẹ jẹ́ n yọ orúkọ yín. Ó tó gẹ́ẹ́."

Odessa ò tiẹ̀ dá ẹrù dídì dúró. "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ yẹn? Wọ́n ti lé mi ná. Bí mo bá yọwọ́, ṣé wọ́n á ní kí n padà wọlé wá jókòó ni?"

"Wọ́n lè pa yín, mà."

"Kó o tó dé ńkọ́, ṣé wọ́n ń gẹ̀ wá ni? Gbé àga yẹn sọ́kọ̀, jàre. Lọ́yà tí ò lè gbé àga!"

Verlene gbé e. Inú rẹ̀ dùn pé Odessa ò yọwọ́, ìdùnnú yẹn sì tì í lójú.

Wọ́n jàre. Lurleen, ọmọ Odessa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, nìkan ni adúláwọ̀ tó wọ ilé ìwé náà. Odidi ọdún kan, kò sẹ́ni tó bá a jókòó jẹun. Wọ́n ń tutọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀.

Verlene tún ro ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n tì í mọ́lé nídìí ìwọ́de. Nígbà tó darúgbó, ó ń kọ́ni lófin ní Jackson, ó sì pe Lurleen, tó ti di nọ́ọ̀sì, wá sí kíláàsì rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi Lurleen pé, "Mà, tí wọ́n bá dá ọjọ́ padà, ṣé ẹ tún máa gbà láti lọ sílé ìwé yẹn?"

"Màmá mi gbà, Lọ́yà gbà, adájọ́ náà gbà," Lurleen dáhùn. "Èmi lẹ́nì kankan ò bi."

"Òótọ́ ni," Verlene wí. "Ẹ̀rù ló bà mí pé wàá ní rárá."

"Ǹ bá kúkú sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Lọ́sẹ̀ yẹn, Verlene wá àdírẹ́sì gbogbo ọmọ tó ti torí wọn lọ sí kóòtù, ó sì kọ lẹ́tà sí wọn, ó bi wọ́n ní ohun tí kò bi wọ́n nígbà náà. Mẹ́ta ló fèsì. Méjì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kó jọ̀ọ́, kó má kọ̀wé sóun mọ́.