Ọmọ Siôn

Marged ti fọ òkúta sàréè náà tán, ó ti fi omi ẹfun kùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, síbẹ̀ Gruffydd kò tíì ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Ó kàn dúró, ó fi àgbọ̀n lé orí igi ṣọ́bìrì rẹ̀, ó ń wo koríko bí ẹni pé koríko ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Gruffydd, ọjọ́ Ajé là ń sìnkú," ni Marged wí láìgbójú sókè. "Bó bá jẹ́ pé ò ń retí kí ilẹ̀ la ara rẹ̀, á jẹ́ pé ìyá mi máa pẹ́ nílé nìyẹn."

"Ilẹ̀ ibí le."

"Ó le ju èyí tó o gbẹ́ fún Ifan Alágbẹ̀dẹ lóṣù Kejì, tí yìnyín bò ó mọ́lẹ̀?"

Gruffydd gbé ẹsẹ̀ kan lé ṣọ́bìrì, ó tún gbé e kúrò.

Ọ̀la ni Ọjọ́ Ìsinmi Òdòdó, tí à ń kó òdòdó lé sàréè àwọn òkú wa. Láti àárọ̀ ni gbogbo abúlé Cwm Hesg ti wà ní ilẹ̀ ìsìnkú pẹ̀lú garawa àti búrọ́ọ̀ṣì, oníkálukú ń fọ ilé àwọn òkú rẹ̀. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kún inú omi lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, òórùn ẹfun sì gba gbogbo ibẹ̀. Marged ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́. Leisa ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́rú, ó ń bẹ nínú pósí ní yàrá iwájú, wọ́n sì fẹ́ ṣí sàréè yìí kí ìyàwó lè sùn ti ọkọ rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń retí nìyẹn. Marged gbà fún wọn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà. Láti ọjọ́rú ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó yẹ kí òun gbé ìyá òun lọ dùbúlẹ̀ ti ọkùnrin tí ìyá náà ti dalẹ̀ rẹ̀.

Orúkọ méjì péré ló wà lókè òkúta náà: John Jones. Ìwé ń kọ ọ́ ní John, ẹnu wa ń pè é ní Siôn, ọ̀kan náà ni. Ìlàjì àwọn òkú Cwm Hesg ló ń jẹ́ Jones, ìlàjì àwọn alààyè ibẹ̀ náà sì ń jẹ́ ẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà náà, ènìyàn a máa ka bàbá rẹ̀ mọ́ orúkọ: Dafydd ọmọ Rhys, ọmọ Ifan, ọmọ Madog, títí tí ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò fi mọ ẹnu ọ̀nà ilé tó ti jáde. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò wo ilé kankan, ọwọ́ ń ro ó, ó ní kí kálukú mú ẹyọ kan kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Siôn lọ́jọ́ náà di Jones, òun àti ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ Siôn mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ọmọ Siôn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Ìtumọ̀ yìí gan-an ló sọ ayé Marged di kíkorò. Ọdún tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ó fọ ewédò kúrò nísàlẹ̀ òkúta náà dáadáa, tó rí ọjọ́ tí Siôn Jones kú: ọjọ́ kejì oṣù Kejì, ọdún 1863. Oṣù Karùn-ún ọdún 1864 ni wọ́n bí òun. Ó ka oṣù lórí ìka. Ó tún un kà. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Kò sí obìnrin tó ń gbé oyún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Odò ló gbé bàbá ẹ lọ kí n tó bí ẹ," ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ, kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Marged kò béèrè nǹkan kan. Ó lọ sílé, ó jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àárín òun àti ìyá rẹ̀ sì ti di bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Aránṣọ ni Marged, gbogbo ìgbà tó bá kọ Marged Jones sórí ìwé oníbàárà, ó ń ṣe é bí ẹni tó jí aṣọ wọ̀.

Òun ló fà á tí kò fi lọ́kọ. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, Gruffydd yìí kan náà wá bá a pẹ̀lú ṣíbí onígi tó fi oṣù méjì gbẹ́, bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti ń ṣe fún ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe aya. Marged fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bàbá tó bí i, ta ni yóò fẹ́ ní abúlé tí kò ju ọgọ́ta ilé lọ? Ó sì ti rí bàbá Gruffydd, agbẹ́lẹ̀ bí ọmọ rẹ̀, tó ń ṣí fìlà fún Leisa lójú ọ̀nà ní ọ̀nà tí kì í gbà ṣí i fún obìnrin mìíràn, tí yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kó tó dé e padà. Marged dá ṣíbí náà padà. Kò sọ ìdí. Gruffydd fẹ́ ẹlòmíràn, ó bí ọmọ mẹ́ta, ìyàwó náà ti kú.

"Gruffydd!" Ìyá Mali ló pariwo láti ìlà kejì. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó kúnlẹ̀ lórí àpò, ó ń fọ òkúta ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń fọ ojú ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. "Tomos, o ti dọ̀tí tán. Bó o ṣe rí láyé náà nìyí. Gruffydd, ṣé àìsàn ń ṣe ṣọ́bìrì yẹn ni?"

"Ìyá Mali, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? O sọ fún mi lánàá pé wàá sọ fún un. O sọ fún mi lọ́jọ́bọ̀ pé wàá sọ fún un."

Marged gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Kó sọ kí ni fún mi?"

Gruffydd bọ́ fìlà rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mi ò lè gbẹ́ ibí, Marged. Mo ti gbìyànjú. Sàréè àwọn ará ilé Tŷ Coch nìyí. Siôn Jones tó ń ta màlúù ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti kó lọ sí Amẹ́ríkà tipẹ́tipẹ́. Kì í ṣe bàbá rẹ."

Garawa ẹfun dojú dé, Marged kò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ló tì í. Ẹfun ń ṣàn lórí koríko.

"Ta lẹ ní kì í ṣe bàbá mi?"

"Ọmọ mi, wá jókòó," ni Ìyá Mali wí. Kò dìde, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dìde kíákíá, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tiẹ̀ wọ́ lójú gbogbo wa, a sì ń wò ó. Bàbá ẹ ń fi koríko bo ilé. Kò sí òrùlé tó dára ní Cwm Hesg nígbà náà tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìbànújẹ́ kan wá bá a lọ́dún kan, a ò mọ ibi tó ti wá. Á gun orí ilé, á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ran okùn kan ṣoṣo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí bàtà rẹ̀ létí odò. Ó tò wọ́n pọ̀ dáadáa."

Ìyá Mali ju búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú garawa.

"Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó bá gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nígbà yẹn. Alẹ́ ni wọ́n sin ín, kò sí orin, kò sí àdúrà, kò sí òkúta. Bàbá Gruffydd ló gbẹ́lẹ̀, ìyá ẹ ló gbé àtùpà dání fún un. Àwọn méjì péré."

Marged rántí fìlà náà, àti bí ọkùnrin náà ṣe máa ń dákẹ́ kó tó dé e padà.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"O pé ọmọ ọdún méje, o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. O ń sáré kiri níbí, ò ń ka òkúta. Bó o ṣe rí èyí, o ké, o ní, 'Màmá, mo rí Bàbá!' O sì dì mọ́ ọn. Mo wà níbẹ̀. Mo ní, 'Leisa, sọ fún un.' Ó ní, 'Mali, jẹ́ kó ní nǹkan tó lè dì mọ́.' Ó ní bó o bá pé ọdún mẹ́rìnlá, tó o gbọ́n díẹ̀ sí i, òun á sọ fún ẹ." Ìyá Mali fi ọwọ́ tútù nu ojú. "Ìgbà tó o pé mẹ́rìnlá, ó ní o ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Kò mọ ohun tí òun ṣe. Ó bi mí títí, mi ò mọ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kì í sọ ohun tí òtítọ́ yóò bá nílẹ̀ nígbà tó bá dé.

"Ìgbà wo ló kú?" ni Marged béèrè. Ó sún mọ́ ọn. "Ìyá Mali, ìgbà wo ni bàbá mi kú?"

"Oṣù Kẹta, àkókò tí àgùntàn ń bímọ. Oyún ẹ ti pé oṣù méje. Kí ló ń ṣe ẹ́ tó o fi ń ka ìka?"

Marged ń bá kíkà lọ. Oṣù Kẹta, oṣù Kẹrin, oṣù Karùn-ún. Ó kà á dé orí ìka kẹta, ó dúró.

"Siôn ọmọ Rhys ọmọ Cadwgan," ni Ìyá Mali wí. "Gbogbo Jones tó wà níbí, jíjẹ́ lásán ni wọ́n ń jẹ́ ẹ. Dafydd ló bí èyí, Elis ló bí tọ̀hún. Ìwọ gan-an lo jẹ́ ọmọ Siôn."

Marged yíjú sí Gruffydd. Àánú rẹ̀ ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà ṣe é, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. "Mo rò pé bàbá rẹ ló bí mi," ni ó wí. "Ìyẹn ni mo ṣe dá ṣíbí yẹn padà."

Gruffydd wò ó. Ó ń yí fìlà náà ká ní ọwọ́, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọdún mọ́kànlélógún, Marged," ni ó wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀."

"Ó ṣì wà nílé. Ṣíbí náà. Mi ò fún ẹnikẹ́ni." Ó dé fìlà rẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká. "Bàbá mi fi ibẹ̀ hàn mí kó tó kú. Tẹ̀ lé mi."

Marged mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ó wà lẹ́bàá ògiri àríwá, níbi tí oòrùn kì í dé, níbi òkúta pẹlẹbẹ tí Leisa máa ń jókòó lé lọ́dọọdún. "Lọ tọ́jú bàbá ẹ," ni yóò wí, "ẹsẹ̀ ń ro mí." Marged ti gbà pé ojú ló ń ti ìyá òun, pé kò lè dé iwájú ọkọ tí ó ṣẹ̀. Koríko ibẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo àyíká lọ. Kò sí ẹ̀gún kan níbẹ̀. Lẹ́sẹ̀ ògiri, àwọn òdòdó ọdún tó kọjá ti gbẹ, ẹnìkan ti tò wọ́n pọ̀ dáadáa.

Gruffydd bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, ó rọra ń ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàbá rẹ̀ ti gbẹ́. Ilẹ̀ náà rọ̀. Marged kó òdòdó tó mú wá dání, ó jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ náà.

Nǹkan kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́dọọdún, bó bá ti kúnlẹ̀ níwájú òkúta Siôn Jones, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ a máa ṣe gìrì, bí ẹni pé ẹnìkan ń wo òun láti ẹ̀yìn. Ó gbà pé òkú náà ni, tó ń wo ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kó wẹ̀yìn. Kódà láàárọ̀ yìí, tí ìyá rẹ̀ wà nínú pósí, ẹ̀yìn ọrùn náà ṣì ṣe gìrì.

Ó gbójú sókè láti ibi tó jókòó sí. Igi kan kò dí ọ̀nà, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì parí kó tó dé ibẹ̀. Òkúta funfun náà dúró gangan lọ́ọ̀ọ́kán, ibi tí orúnkún òun ti tẹ koríko sì hàn kedere níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbí, ẹ̀yìn ẹni tó ń fọ òkúta ni yóò máa rí.

Ó kó òdòdó náà lé itan. Ó jókòó síbẹ̀ títí, ó ń wo ibi tó ti kúnlẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì, ó ń retí kí ọmọdébìnrin kan wẹ̀yìn wò.