Ẹni Tó Gbé Ọmọ Sójú Fèrèsé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín kú ojúmọ́, mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí ẹni tó wà lórí àkéte àìsàn pé ara yóò le. Ẹni tó jí lónìí tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ débi tó fi lè ka ìwé, ó ní ọpẹ́ í dá. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá mi tó fún mi ní ọwọ́ láti kọ ọ́. Obìnrin ayàwòrán kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, àti ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé rẹ̀.

Ìṣó kẹta tún tẹ̀. Ayàwòrán náà fi ẹ̀yìn òòlù fà á yọ, ó jù ú sínú agolo, ó sì mú òmíràn. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, eruku funfun bọ́ sí i lójú.

Ọkùnrin tó ń jẹ́ Baba Wáyà gbójú sókè láti ibi tó ti ń to iṣẹ́ tirẹ̀. “Ayàwòrán! Kí ni ògiri yìí ṣe fún ẹ? Àbí ó bú ìyá ẹ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Ìyá rẹ̀ gan-an ló fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri náà.

Ilé búrẹ́dì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tíṣà, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí wọ́n ṣe ń yàwòrán, ló bẹ àwọn ará àdúgbò títí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn ayàwòrán. Wọ́n kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun jáde, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ògiri nígbà mẹ́ta, wọ́n so gílóòbù mẹ́fà sókè. Síbẹ̀, bí oòrùn bá ti mú, òórùn búrẹ́dì a rọra yọ láti ara ògiri, bí àlejò tó ti lọ tó tún padà wá mú fìlà rẹ̀. Àwọn márùn-ún ló fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ náà. Baba Wáyà ń fi wáyà tí wọ́n ti jù nù hun ajá, ewúrẹ́ àti àkùkọ. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ayàwòrán tiwa yìí ni kíkọ lẹ́tà sára pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù: AGÉRUN, A Ń TÚN BÀTÀ ṢE, Ẹ GBA Ẹ̀YÌN WỌLÉ. Lẹ́tà rẹ̀ kì í wọ́. Bó bá kúrò níbi iṣẹ́ náà ló ń ya àwòrán tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Èyí tó gbé wá yìí, ọdún méjì ló fi yà á.

Obìnrin kan dúró lójú fèrèsé nínú rẹ̀, ó gbé ọmọ kékeré kan sí ìbàdí. Obìnrin náà kọjú sí wa díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún nà síta, ó ń tọ́ka sí àwọn ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó sì ká apá ẹ̀wù náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ayàwòrán náà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, òjò gba àjà wọlé, ó wẹ ojú tó wà nínú rẹ̀ nù. Ohun tó kù sí ọmọ náà lọ́wọ́ kò ju fèrèsé, ẹyẹ, apá aláwọ̀ ewé kan, àti ohùn tó ń kà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i létí: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti ń gbé ìrántí yìí kiri. Nígbà ìrọbí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, òun ló dì mú. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù kúrò nílé, òun ló dì mú. Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Ṣùgbọ́n wúrà téèyàn ò rántí ojú rẹ̀, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ bó ṣe ń dán tó?

Ojú yìí gan-an ló sì dá iṣẹ́ náà dúró. Ó ti kun fèrèsé tán, ó ti kun ọmọ, ó ti kun ẹ̀wù, àmọ́ ojú obìnrin náà ṣófo bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó pẹ́ kó tó rántí pé àwọn ìyá àdúgbò máa ń dì í ní àgbọ̀n mú, wọn a ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ojú ìyá ẹ lo gbé wọ̀!” Ló bá gbé dígí síwájú. Ó ń wo ara rẹ̀, ó ń kun ìyá rẹ̀.

Ṣé òun ni? Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè dáhùn: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, tó sì tọ́ ọ dàgbà. Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́. Kò wá síbi ìpàtẹ àwòrán rí. Kì í sì í sọ̀rọ̀ ìyá wọn. Bí wọ́n bá bi í, a ní, “Èèyàn dáadáa ni wọ́n,” a sì dìde lọ wá nǹkan ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù bí ọmọdé. “Àǹtí, ẹ sáà wá wò ó. Ẹ kàn sọ fún mi bóyá Màmá nìyẹn.” Ẹ̀gbọ́n náà ní òun yóò yà bí òun bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn ní aago mọ́kànlá. Tíṣà ní òfin kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú: ẹni tó ni iṣẹ́ yóò dúró tì í, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kí òǹwòran tó sọ ohun tó rí. “Bẹ́ ẹ bá ti ṣàlàyé fún wọn,” bàbá náà máa ń sọ, “ẹnu yín ni wọ́n á máa wò, wọn ò ní wo àwòrán mọ́.”

Káfíńtà kan dúró níwájú àwòrán náà, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Ayàwòrán náà gé ètè jẹ.

“Ẹni tó kan fèrèsé yìí,” káfíńtà náà wí nígbẹ̀yìn, “kò mọṣẹ́. Ó wọ́.”

“Ẹ ṣeun, sà,” ni ayàwòrán náà dáhùn. Baba Wáyà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọ̀sán pọ́n. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ni ọrùn ayàwòrán náà ń nà. Aago méjì kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kàn kí ẹni náà tó wá a fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ ìfọṣọ bàjẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n gbàgbé.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà yọ lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti bàtà iṣẹ́, òórùn ọṣẹ ń ta lára rẹ̀, omi ti hun awọ ìka rẹ̀ jọ. Ó dúró bí ẹni tó ṣìlé.

“Ẹ wọlé, màmá wa,” Baba Wáyà wí. “Ẹ má bẹ̀rù, ajá mi kì í géèyàn jẹ.”

Ẹ̀gbọ́n náà wo ajá wáyà náà, ó wo ẹni tó hun ún. “Ó jọ yín gan-an,” ó sọ, ó sì kọjá.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Baba Wáyà alára sì ni ẹ̀rín rẹ̀ ròkè jù. Ayàwòrán náà kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé iwájú àwòrán.

Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un wọ̀. Ó sún mọ́ ọn débi pé èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Òfin ni òfin. Ayàwòrán náà ń wo ẹnu rẹ̀.

“Ta ló sọ fún ẹ,” ẹ̀gbọ́n náà bi í, “pé mo ká apá ẹ̀wù yẹn?”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Àǹtí, Màmá ni mo yà.”

Ẹ̀gbọ́n náà yíjú sí i. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ó sọ kíákíá. “Màmá ni. Mo ti rí i báyìí. Ó jọ wọ́n.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. “Apá Màmá gùn,” ó bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀wù yẹn bá wọn mu rẹ́gí, wọn kì í ká a. Èmi ló gùn jù fún. Lẹ́yìn tí wọ́n sin wọ́n, o ò jẹun, o ò sùn. O kàn ń rìn kiri ilé, ò ń gbóòórùn nǹkan bí ajá kékeré. Mo lọ ṣí àpótí wọn, mo wọ ẹ̀wù náà, mo ká a lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà máa wọ inú omi. Bí mo ṣe gbé ẹ báyìí, o dákẹ́. Ni mo bá ń gbé ẹ lọ sójú fèrèsé lójoojúmọ́. Mi ò mọ ìtàn kankan. Ẹyẹ ni mo ń kà fún ẹ.”

“Ojú yìí ńkọ́?”

“Ojú ẹ ni. Dígí lo wò, àbí? Ọ̀tún ni àmì abínibí ẹ wà, o ti gbé e lọ sósì nínú àwòrán.” Ó fi ìka tó hunjọ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀. “Màmá ò lámì lójú.”

Òun tó ń kọ lẹ́tà tí kì í wọ́, dígí fún un ní ojú òdì, kò sì mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn ún. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan mú.

“Mi ò ní nǹkan kan tiwọn mọ́ nìyẹn,” ó sọ pẹ̀lú ohùn kékeré.

“Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ rí nìyẹn. O máa ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ nígbà tó o wà ní kékeré, inú ẹ á dùn. Mo ní kí n fi í sílẹ̀ fún ẹ.” Ó mí kanlẹ̀. “Òórùn wọn wà lọ́rùn ẹ̀wù náà lóòótọ́. Èyíinì kì í ṣe irọ́. Bó o bá ti ń wo ẹyẹ, èmi á sọ imú mi síbẹ̀.”

Ayàwòrán náà gbójú sókè wo ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ọdún méjì ló fi wò ó, kò sì rí i. Apá tó nà síta yẹn tín-ín-rín. Ìgúnpá rẹ̀ yọ ṣóńṣó. Ìbàdí náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ju agbára ẹni tó gbé e lọ. Ọmọ ló gbé ọmọ.

“Àǹtí,” ó pè é. “Nígbà yẹn, ta ló ń gbé ẹ̀yin?”

Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ọmọdé.

“Èmi? Mo ti wúwo jù.”

Àbúrò náà jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú wọn, ẹnì kan ń bi Baba Wáyà bóyá àkùkọ rẹ̀ ń kọ. Ẹ̀gbọ́n náà kò gbójú kúrò lára àwòrán náà, ó ń wo ojú fèrèsé yẹn bí ẹni tó ń retí kẹ́nì kan yọ láti ìta. Ibẹ̀ ló ti yé àbúrò rẹ̀ pé láti ọdún mẹ́tàdínlógójì, òun ti ń rò pé òun nìkan ni ọmọ òrukàn nínú ilé àwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí yìí, Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹrù tó wà léjìká yín wọ̀ yín lọ́rùn. Ẹni tí ẹ ń ṣàfẹ́rí, Ọlọ́run yóò fi ìtùnú rẹ̀ dí àyè náà. Bí àárẹ̀ bá sì mú yín níbi tí ẹ ti ń gbé ẹlòmíràn, apá Rẹ̀ tí kì í rẹ̀ yóò gbé ẹ̀yin náà. Àmín.