Ooru Mẹ́tàlélọ́gọ́ta

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Lafta, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tí ẹni tó wà lórí afárá á rí kà: ÌDÍLÉ WA Ń WÁ Ọ. Ẹni tí wọ́n bá kọ irú rẹ̀ sára ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní Basra, kò gbọdọ̀ ṣí i. Ọlọ́pàá ò ní dá sí i, oníbàárà ò ní yà síbẹ̀, àwọn aládùúgbò á sì máa gba òdìkejì títì kọjá bí ẹni ń sá fún àrùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Lafta fi jókòó sílé, tó ń gbọ́ bí àwọn rìwáyà yòókù tó ń tún wáyà àti ẹ́síì ọkọ̀ ṣe ní òpópónà náà ṣe ń gba oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mizhir ló kọ ọ́, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, Mizhir gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá kí Lafta fi gáàsì sí ẹ́síì. Lafta fi sí i, ẹ́síì tutù nini, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́síì náà kú lójú ọ̀nà Zubair lọ́sàn-án gangan, ìyá Mizhir sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, màmá ò mọ ibi tó wà mọ́. Ó lajú lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ooru ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, wọn ò sì tíì jẹ́ kó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni Mizhir ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Lafta fẹ́ pa ìyá òun.

Òní ni wọ́n fẹ́ yanjú ẹ̀. Bí Lafta ò bá lè fi hàn pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tòun, á kó irinṣẹ́ rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ kúrò ní Basra. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe nílùú yìí. Kò mọ ibòmíì, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Iwájú ilé àlejò Ṣéìkì Hannun, àgbà ìdílé Mizhir, ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí, lábẹ́ àtíbàbà páànù. Lafta mú àgbà méjì láti ìdílé tirẹ̀ dání. Wọ́n gbé kọfí fún gbogbo wọn nínú ife kékeré. Lafta gba tirẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, kò fẹnu kàn án. Ṣéìkì rí i. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ní ohun tó ń wá lọ́wọ́ àgbà kì í mu kọfí rẹ̀ títí àgbà fi gbà láti ṣe é.

Mizhir wọnú ọkọ̀, ó tan án, ó sì ní kí gbogbo wọn wá wo dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ẹ bá mi kà á. Ogójì ní ìsàlẹ̀ òdo. Yìnyín ń bọ́ ní Basra, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ lọ mú kóòtù yín wá. Iṣẹ́ Ọ̀gá Lafta nìyẹn o."

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ọ̀hún.

"Ọjọ́ wo ni nọ́ńbà yẹn bẹ̀rẹ̀?" Lafta bi í.

"Ọjọ́ tí o fẹ́ pa ìyá mi."

"Ọjọ́ tí ẹ́síì kú."

"Ọjọ́ kan náà ni. Ṣé o ti ń wá ibi tí o máa sá gbà ni?"

"N ò sá. Ṣáà rántí pé ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́."

Lafta so mítà gáàsì rẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù, ó sì pe Ṣéìkì kó wá wò ó. Ṣéìkì Hannun wa tírélà fún ọgbọ̀n ọdún kó tó di àgbà, ó mọ ohun tó ń wò. Gáàsì kún. Kò jò rárá.

"Gáàsì tí mo fi sí i wà níbẹ̀ síbẹ̀," Lafta wí. "Ọkọ̀ yìí ló gbà pé òtútù ń pa gbogbo wa níta. Ọkọ̀ tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ́síì ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Sẹ́nsọ̀ kan wà lẹ́yìn bọ́ńpà iwájú, kò ju kóró dàbínù lọ. Òun ló ń wọn ooru ìta. Òun ni mo fẹ́ wò."

"O ti ní ìtàn tuntun," ni Mizhir wí. "Lánàá gáàsì, lónìí kóró dàbínù."

"Mizhir," Ṣéìkì wí, "lọ dúró tì í. Máa wo ọwọ́ ẹ̀."

Lafta dùbúlẹ̀ gbalaja sórí páálí, ó tanná mọ́ abẹ́ bọ́ńpà. Mizhir lóṣòó sórí rẹ̀ títí òógùn rẹ̀ fi ń kán sí Lafta lójú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Lafta ti ń pinnu pé òun ò ní bínú, àmọ́ inú ń bí i, inú ń bí i gan-an ni.

"Ọwọ́ rẹ ni mò ń wò o."

"Wò ó. Bóyá wàá rí nǹkan kọ́."

Ojú ibi tó yẹ kí sẹ́nsọ̀ náà wà ṣófo. Lafta na ọwọ́, ó tọ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹnì kan ti fà á gùn láti àárín bọ́ńpà títí dé ara rédíétọ̀ ẹ́síì, ibi tó gbóná ju gbogbo iwájú ọkọ̀ lọ, ó sì ti so sẹ́nsọ̀ náà mọ́ ọn. Ìrépé aṣọ dúdú kan tó ní òdòdó aró wẹ́wẹ́ létí ni wọ́n fi so ó. Wọ́n fà á le débi pé gbígbọ̀n ọkọ̀ ti já wáyà náà lọ́rùn.

Ó tú aṣọ náà, ó kì í bọ àpò, ó sì jáde.

"Wáyà ló já," ó sọ fún Ṣéìkì. "Wáyà tó já ni ọkọ̀ ń kà sí ogójì ní ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ fún mi ní omi dídì."

Ó so wáyà náà pọ̀, ó fi téèpù dì í, ó sì ri sẹ́nsọ̀ bọ inú ife omi dídì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Mizhir wọ inú ọkọ̀, ó ń ka nọ́ńbà sókè fún wọn. Ó kúrò ní ogójì ìsàlẹ̀ òdo, ó dúró sí ẹ̀ta. Lafta mú un jáde, ó fi há abíyá. Nọ́ńbà gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé mẹ́rìndínlógójì. Lafta gbé sẹ́nsọ̀ náà rọ̀ sí ojú ibi tó yẹ kó wà gan-an. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbọ́ tí kọ́ńpírẹ́sọ̀ ẹ́síì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ tútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni nọ́ńbà.

"Ó tán?" Mizhir wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wáyà já. Ìwọ lo já a nígbà tí ò ń fi gáàsì sí i."

"Kò tán. Ibi tí mo ti bá a kọ́ ni mo gbé e sí yìí."

Ó tún tẹ̀ bọ abẹ́ bọ́ńpà, ó sì fi ọwọ́ di sẹ́nsọ̀ náà mọ́ ara rédíétọ̀. Rédíétọ̀ jó o lọ́wọ́, kò jẹ́ kó bọ́. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ń kà á lọ: mẹ́rìnléláàádọ́ta, méjìdínlọ́gọ́ta, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà ló ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó sì dákẹ́, nítorí nọ́ńbà náà ò lọ sókè mọ́.

Kò sẹ́ni tí kò mọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta yẹn lábẹ́ páànù náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Basra pé ìjọba ń fi ooru pamọ́, pé bí wọ́n bá jẹ́wọ́ àádọ́ta, gbogbo ọ́fíìsì á gba ìsinmi. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń ya dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ wọn ní fọ́tò. Ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀ ló ń ṣe é. Ní oṣù keje ọdún yìí, Mizhir gbé tirẹ̀ síta: ọkọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì, 63. Fọ́tò náà yí gbogbo ìlú ká. Ó wà nínú fóònù Ṣéìkì. Lafta fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó sì bú ìjọba dáadáa lórí rẹ̀.

"Ìwọ lo so ó síbẹ̀," Mizhir sọ fún Lafta.

"Ṣé òun náà ló ya fọ́tò?" ni Ṣéìkì bi í.

Mizhir wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń wo bàtà wọn.

"Nítorí kí àwọn èèyàn lè tẹ ọkàn pupa sí fọ́tò ẹ," Lafta wí, "o ba ọkọ̀ ara ẹ jẹ́, o gbé ìyá ẹ sínú ẹ̀, o wá kọ orúkọ tèmi sí i. Ojú ò tì ọ́?"

Ṣéìkì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní Mizhir á fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà kí oòrùn tó wọ̀, lójú gbogbo òpópónà. Ó wá wo ife tí Lafta gbé kalẹ̀, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. "Bàbá Kawthar, mu kọfí ẹ."

"Mo ní ohun tí mò ń wá, Bàbá."

"O ti rí i gbà. Mu ún."

Lafta gbé e, ó mu ún tán, kọfí ti tutù. "Mo fẹ́ kó sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀. Lónìí. Lójú mi."

"Rárá o," Mizhir wí. "Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ bu owó tó bá wù yín lé mi. Gbogbo ìlú ni kí n dọ̀bálẹ̀ fún, mo gbà. Àmọ́ màmá mi kọ́."

"Ó ti mu ún," ni Ṣéìkì wí.

Ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ́síì ń fẹ́ gbogbo bí wọ́n ṣe ń lọ. Inú Lafta ń dùn. Ó ti ro ojú tí obìnrin náà máa fi wo ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ rí i.

Ìyá Mizhir, Wabriya, fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó ti rù kan eegun. Ìborùn dúdú wà lórí rẹ̀. Òdòdó aró wẹ́wẹ́ yí etí ìborùn náà ká, àfi ọwọ́ òsì, tí wọ́n ti ya tó gígùn apá. Lafta rí i kí Mizhir tó kúnlẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ìrépé tó wà lápò rẹ̀.

Mizhir kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ó sọ nípa fọ́tò, ó sọ nípa wáyà. Ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, màmá sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ojú Lafta ni màmá ń wò.

"Ó ní òun ń wá okùn lọ́jọ́ tó fẹ́ ya fọ́tò," màmá wí. "Kò sí okùn nínú ọkọ̀. Mo ya èyí fún un. Nígbà tí ẹ́síì kú, mo bi í pé ṣé kì í ṣe nǹkan tó so yẹn ni. Ó ní kí n fara balẹ̀."

"Ẹ mọ̀," Lafta wí.

"Láti ọjọ́ tí mo lajú. Èmi ni mo ní kó má sọ. Wọn ì bá máa pè é ní ẹni tó pa ìyá ẹ̀ nítorí fọ́tò. Ọmọ mi ni, òun nìkan ni mo ní."

Lafta sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì náà. "Èmi náà lọ́mọ, Màmá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ṣọ́ọ̀bù mi fi wà ní títì."

"Mọ́kànlá," ni obìnrin náà wí. "Mò ń kà á."

Lafta yọ ìrépé aṣọ náà lápò, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde lọ wá takisí.